Ẹ Má Tíì Yọ Ọ́ Dànù: Bí A Ṣe Ń Wádìí Simulator Bàálù Tó Ń Yọnu

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà nílé mọ bí ọ̀ràn yìí ṣe máa ń rí. Lánàá, gbogbo nǹkan ń lọ geerege. Lónìí, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ jókòó sídìí ọ̀pá ìdarí, bàálù ò gbọ́ràn mọ́. Ó lè máa ya bàrá sí òsì lórí pápá. Ẹ́ńjìnnì lè máa pariwo kí táyà má sì yí. Simulator fúnra rẹ̀ sì lè kú lójijì, kí ẹ bá ara yín níwájú ojú kọ̀ǹpútà lásán. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á yọ simulator náà kúrò pátápátá, wọ́n á sì tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Microsoft Flight Simulator tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ń béèrè àyè 150 GB. Ẹni tó ń ra dátà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni simulator yìí ń tọ́jú ètò ọ̀pá ìdarí yín sí. Bí ó bá jẹ́ ètò yẹn ló bàjẹ́, bí ẹ bá parí gbogbo làálàá náà, òun náà ni yóò tún bá yín padà wálé.

Ohun tó jẹ́ kí wàhálà pọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pàdé nínú simulator òde òní. Nígbà tí Bruce Artwick àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, subLOGIC, gbé ètò ìwakọ̀ bàálù jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní ìparí àwọn ọdún 1970, àti nígbà tí Microsoft gbé tirẹ̀ jáde ní 1982, ibì kan ṣoṣo ni ohun gbogbo ti wá. Lónìí, Asobo ní ìlú Bordeaux nílẹ̀ Faransé ló ṣe simulator Microsoft, ṣùgbọ́n bàálù tí ẹ ń wà lè jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, pápákọ̀ òfurufú iṣẹ́ ẹlòmíràn, kí ọ̀pá ìdarí sì wá láti ilé iṣẹ́ tí kò mọ àwọn méjèèjì rí. Láti ìgbà Flight Simulator X (FSX) ní 2006 ni Microsoft ti ṣí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n pè ní SimConnect, ibẹ̀ ni àwọn ètò àlejò ń gbà bá simulator sọ̀rọ̀. X-Plane tí Austin Meyer dá sílẹ̀ náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún àwọn plugin. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ẹjọ́: ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́, Windows, simulator fúnra rẹ̀, tàbí àlejò tí a mú wọlé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí ọwọ́ ń dì mú, torí òun ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ẹ pa simulator. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ joy.cpl sínú àpótí kékeré tó yọ, ẹ sì tẹ Enter. Orúkọ ọ̀pá ìdarí yín yóò hàn. Ẹ yàn án, kí ẹ tẹ Properties. Ẹ ó rí àpótí onígun mẹ́rin kan tí àmì agbélébùú kékeré wà láàárín rẹ̀. Ẹ rọra ti ọ̀pá sí òsì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo àmì náà. Bí ó bá ń bá ọwọ́ yín lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀pá náà. Bí ó bá ń fò, bí ó bá ń gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ yín dúró jẹ́ẹ́, tàbí bí ó bá kọ̀ láti padà sí àárín nígbà tí ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn, simulator kò sì tíì jí lójú oorun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìdánwò yìí ń gbà. Mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ètò kankan nínú simulator láìkọ́kọ́ ṣe é.

Kí ló ń mú ọ̀pá gbọ̀n? Potentiometer ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí owó wọn kò pọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń họ ojú ọ̀nà tí wọ́n fi kábọ̀n ṣe. Bí irin náà ti ń rìn ni iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń yí padà, kọ̀ǹpútà sì ń ka ìyípadà yẹn gẹ́gẹ́ bí ìrìn ọ̀pá. Bí eruku bá wọ̀ ọ́, tàbí bí ojú ọ̀nà náà bá jẹ, nọ́ńbà tó ń jáde á máa fò. Ìgbà ọyẹ́, tí eruku ń wọ gbogbo yàrá, kì í ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lóore. Àwọn mìíràn, bíi T.16000M ti Thrustmaster, mágnẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọ̀pá wà. Ohunkóhun kò họ ohunkóhun, torí náà ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Fún ti potentiometer, contact cleaner tí àwọn onírédíò ń fín sídìí bọ́tìnì fólúùmù lè jí i padà, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ yọ wáyà USB rẹ̀ kúrò, tí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa lẹ́yìn fífín. Bí gbígbọ̀n náà bá kéré, ẹ lè fi deadzone, ìyẹn àyè tí ìrìn ọ̀pá kò ti ní já sí nǹkan kan, bo àárín ọ̀pá nínú Sensitivity tó wà ní ojú ewé Controls simulator. Ẹ má fi pọ̀. Ẹni tó bá bo 20% ti ba ìbalẹ̀ rẹ̀ jẹ́, torí ìrìn ọwọ́ kékeré, kékeré ni ìbalẹ̀ ń fẹ́, àárín ọ̀pá gan-an ló sì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ká ní joy.cpl ti dá ọ̀pá láre, ṣùgbọ́n bàálù ṣì ń yà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá bàálù gidi náà ì bá yà. Cessna 172, tó ní ẹ́ńjìnnì kan níwájú, máa ń fà sí òsì bí a bá fún un ní agbára kíkún. Lójú awakọ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Afẹ́fẹ́ tó ń tì sẹ́yìn ń lọ́ mọ́ ara bàálù títí yóò fi gbá ìrù rẹ̀ láti apá òsì, ara bàálù fúnra rẹ̀ sì ń fẹ́ yí sí òdìkejì abẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni awakọ̀ gidi fi ń tẹ pẹ́dà kó lè mú un tọ́. Ẹni tí kò mọ èyí lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, tí kò sì sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ yí atẹ́gùn sí òdo nínú ètò ojú ọjọ́, ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí ẹ tún rìn lórí pápá. Bí ó bá ṣì ń yà, a jẹ́ pé ẹjọ́ wà.

Ibi tí ẹjọ́ náà sábà máa ń wà ni pé ẹ̀rọ méjì ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Simulator Microsoft máa ń fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ tí ẹ bá so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ ra pẹ́dà tuntun, ó gbé rudder (ìdarí ìrù) fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pá àtijọ́ yín tó ń yí lọ́rùn náà ti ní rudder tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń pàṣẹ fún ìrù kan. Pẹ́dà ní kó dúró láàárín, ọ̀pá tí potentiometer rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ ní kó yà, bàálù ń ṣe ségesège. Ẹ wọ ojú ewé Controls, ẹ mú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba èyí tí kò tọ́ sí i. Ẹ má gbàgbé Xbox pad tí ọmọ fi sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. Òun náà ń pàṣẹ.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pẹ́dà lẹ́nu jù. Bàálù kò kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, ẹ ti tú parking brake sílẹ̀, síbẹ̀ kò rìn. Lára àwọn pẹ́dà kan, nọ́ńbà tó ń jáde nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí wọn ni simulator ń kà sí bíréèkì àtẹ̀ẹ̀tán. Ẹ wá axis bíréèkì òsì àti ti ọ̀tún, kí ẹ yí wọn padà sí Reverse Axis. Ó tán.

Ìṣòro iná USB tún wà, ó sì ń fi ara pamọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ti gbéra ní Lagos, ẹ ti gòkè, ẹ fi autopilot sílẹ̀ kó máa gbé yín lọ. Bí ẹ ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá kò dáhùn. Windows ló rò pé ẹ kò lò ó mọ́, ó sì pa iná rẹ̀ kó lè tọ́jú iná. Ẹ lọ sí Device Manager, ẹ ṣí gbogbo USB Root Hub tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ àmì tó wà ní iwájú ìlà tó ní kọ̀ǹpútà lè pa ẹ̀rọ yìí lábẹ́ Power Management. Bákan náà, ojú USB 2.0 kan kò ju 500 mA lọ. Ẹni tó bá so yoke onígílóòbù, throttle onígílóòbù àti pẹ́dà mọ́ hub kékeré kan tí kò ní iná tirẹ̀ ń pín ìwọ̀nba yẹn fún gbogbo wọn. Hub tó ní ádáptọ̀ ló yẹ yín. Fún àwa tí NEPA ń mú iná lọ tó ń mú un padà, ádáptọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí UPS. Bátìrì laptop kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú nígbà tí iná bá yí bọ́ sórí ìnfátà, ṣùgbọ́n hub á kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó fún simulator láti pàdánù gbogbo ọ̀pá tó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Airbus yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn FlyByWire, tí wọ́n ń ṣe A320neo tí wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ṣe bàálù wọn kó fara jọ ti gidi, bàálù gidi sì ní ibi tí lẹ́fà agbára ti ń dúró gán-ín: idle, CL, FLX/MCT, TOGA. Ẹ lè gbé lẹ́fà yín sí ibi tí wọ́n kọ CL sí, kí ọ̀rọ̀ LVR CLB ṣì máa tàn tó ń kú níwájú yín. Ojú yín rí CL. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà gbà kò dé ibẹ̀. Inú flyPad, tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nínú yàrá awakọ̀, ni ẹ ó ti fi ibi kọ̀ọ̀kan tí lẹ́fà ti ń dúró hàn án, kí ẹ sì fi í pamọ́. Ẹ pa gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó wà ní Assistance náà, torí bàálù yìí ní ọpọlọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àfikún fúnra wọn, ìyẹn àwọn bàálù, pápákọ̀ àti ètò àlejò tí a mú wọlé. Nínú simulator Microsoft, fódà kan wà tó ń jẹ́ Community, ibẹ̀ ni àwọn tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé wọlé ń gbé. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì UserCfg.opt, ìlà InstalledPackagesPath yóò sọ ọ́ fún yín. Bí àfikún kò bá hàn rárá, ẹ wọ inú fódà rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí ni fáìlì méjì: manifest.json àti layout.json. Bí ẹ bá rí fódà mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà dípò wọn, a jẹ́ pé bí ẹ ṣe tú zip ló sọ fódà di inú fódà. Ẹ fa ti inú jáde sí Community. Simulator kì í wá a dé ìsàlẹ̀. Layout.json ni ó ń ka orúkọ gbogbo fáìlì tó wà nínú àfikún náà. Fáìlì tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kún un tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, bí ẹni pé kò sí ni.

Bí simulator bá ń kú nígbà tó ń tàn, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ ṣe fódà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ Community, kí ẹ kó gbogbo àfikún lọ síbẹ̀, kí ẹ tan simulator ní òfìfo. Bí ó bá tàn dáadáa, ọ̀kan nínú wọn ló jẹ̀bi. Ẹ dá ìdajì wọn padà, ẹ tún un tàn. Bí ó bá kú, ọ̀daràn wà nínú ìdajì yẹn. Bí kò bá kú, ó wà nínú èyí tó kù. Ẹ tún pín in sí méjì. Ká ní àfikún yín jẹ́ 64, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni pínpín yìí yóò dé orí ẹyọ kan: 32, 16, 8, 4, 2, 1. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Mẹkáníìkì tó pààrọ̀ plug, fúẹ́lì pọ́ńpù àti bátìrì lọ́jọ́ kan náà lè mú mọ́tò rìn, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín ohun tó ṣe é.

Ibì kan wà tí pípín sí méjì yìí ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Àfikún méjì lè wà tí kò sí èyí tó ní àìsàn nínú wọn, àfi bí wọ́n bá pàdé. Pápákọ̀ Murtala Muhammed ni àpẹẹrẹ tó yé wa jù: ẹ gba ti ẹni kan, ẹ gbàgbé pé ti ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Ilé tí èrò ń wọlé sí á wọ inú ara wọn, iná ojú pápá á máa léfòó lókè, bàálù á fò bí ẹni tó gun òkè kékeré kan lójú pápá. Bí ìdajì méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí àpapọ̀ wọn ń kú, ẹ wá àwọn tó ní DNMM, kóòdù Murtala Muhammed, tàbí orúkọ pápákọ̀ kan náà lára.

Fáìlì exe.xml náà yẹ ní wíwò. Inú rẹ̀ ni simulator ti ń ka àwọn ètò tó gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú rẹ̀, bíi FSUIPC7. Oríṣiríṣi àfikún ló ń kọ orúkọ ara wọn sínú fáìlì kan yìí. Bí ọ̀kan bá kọ ọ́ ní wúruwùru, tó gbàgbé láti pa àmì tó ṣí dé, àwọn tó kù lè má tàn mọ́, ẹ ó sì máa bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jà.

X-Plane ní tirẹ̀ rọrùn láti bá sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí yìí. Ó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sínú Log.txt tó wà nínú fódà rẹ̀ gan-an. Bí ó bá kú, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì náà. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ìlà tó sọ ọ́ kedere ní Gẹ̀ẹ́sì pé plugin báyìí ló pa òun, tó sì dá orúkọ rẹ̀. Ẹ da Log.txt náà kọ síbòmíràn kí ẹ tó tún X-Plane tàn, torí yóò pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tàbí pápákọ̀ ló bo ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ ṣí scenery_packs.ini nínú Custom Scenery. Ẹni tó bá wà lókè níbẹ̀ ló lágbára jù: kí pápákọ̀ wà lókè, kí àwòrán ilẹ̀ gbalasa wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ SCENERY_PACK_DISABLED sí iwájú èyí tí ẹ fura sí dípò SCENERY_PACK, yóò sinmi láìkúrò lórí dísìkì.

Ní ti Microsoft, Event Viewer inú Windows ni ẹ ó lọ, lábẹ́ Application, kí ẹ ka orúkọ tó wà ní Faulting module name. Ẹ mú un gẹ́gẹ́ bí àmì lásán. Bí orúkọ fáìlì káàdì àwòrán Nvidia bá wà níbẹ̀, dírábà lè ní láti di tuntun, bí VCRUNTIME140.dll bá wà níbẹ̀, Visual C++ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún fi sí i. Bí ó bá jẹ́ FlightSimulator.exe fúnra rẹ̀ ni, ẹ padà sí pípín sí méjì.

Antivirus náà ń jẹ àfikún. Ó máa ń gbé dll àwọn oníṣẹ́ kékeré lọ sí àhámọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí náà ẹ wo Protection history nínú Windows Security. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má fi ìbínú pa antivirus torí pé ìwé ìtọ́sọ́nà kan ní kí ẹ pa á. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n ká a mọ́ ilé iṣẹ́ àfikún kan lọ́wọ́ pé ó fi ètò tó lè kó ọ̀rọ̀ aṣínà inú Chrome sínú ohun tó ń tà. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn tó ń jí iṣẹ́ òun lò ni òun ń dọdẹ, ó sì yọ ọ́ kúrò. Bí àwọn tí ẹ fowó yín rà nǹkan lọ́wọ́ wọn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fojú inú wo ohun tó lè wà nínú àfikún olówó ńlá tí ẹnìkan ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ dá ohun tó wá láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é gan-an nìkan sílẹ̀ nínú àhámọ́.

Nígbà tí ẹ bá sì ti mọ ọ̀daràn, iṣẹ́ kò tíì parí o. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é. Ẹ sọ nọ́ńbà simulator yín àti nọ́ńbà àfikún náà, ẹ sọ bàálù tí ẹ ń wà àti pápákọ̀ tí ẹ wà, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe tó fi kú àti bóyá ó tún kú nígbà tí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì so Log mọ́ ọn. "Kò ṣiṣẹ́" lásán kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àfikún ń ṣe é lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn dé, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.